Káàdì Aríyìíkẹ́

Ọdún kọkànlá nìyí tí mo fi bírò pupa
kọ "Ẹ̀jẹ̀ ríru" sára káàdì Aríyìíkẹ́ Akíndùró,
mo sì fà á nídìí.

Òjò ló lé e dé ilé ìwòsàn wa ní Ìsinkàn lọ́jọ́ náà.
Ó sáré láti ẹ̀bá odò Àlà, agbọ̀n obì lórí,
ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ajá ọdẹ.
Nọ́ọ̀sì so ìfúnpá mọ́ ọn lápá, ó fún rọ́bà,
ó ké sí mi láti ẹnu ọ̀nà:
"Ọgọ́jọ lórí ọgọ́rùn-ún!"

Mi ò bèèrè bóyá ó jókòó.
Mi ò bèèrè apá wo.
Káàdì ìgbà yẹn, ìlà kan ṣoṣo ló ní:
*Kí ló ń ṣe é?*
Mo sì dáhùn.

Kọ̀ǹpútà ti dé báyìí. Gòróyè gbé e wá láti Alágbàká,
ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í jẹun ọ̀sán.
Ó ní ohun méjì la máa kọ́, ká má pò wọ́n pọ̀.
Ó mú mi dé ẹ̀yìn ilé, níbi tí wọ́n ti ń yọ búlọ́ọ̀kù.

"Ẹ wo mọ́ọ̀dù yìí, Mà.
Ó mọ gígùn, ó mọ ìbú, ó mọ ihò méjì tó wà láàrin.
Ẹ bi í pé kí ni yanrìn. Kò mọ̀.
A ò rán an níṣẹ́ yẹn.
Fọ́ọ̀mù wa nìyẹn: ohun tí a gbọ́dọ̀ bèèrè ló ń sọ
nígbàkúùgbà tí ìfúnpá bá kan ara ènìyàn.
Nọ́ńbà òkè, nọ́ńbà ìsàlẹ̀, ọ̀tún àbí òsì,
ó jókòó ni, ó dùbúlẹ̀ ni, ṣé ó ti sinmi?"

Èkejì ńkọ́?

"Èkejì dà bí ìgbà tí àgbà bá ń ka ẹbí fún àlejò:
ta ló bí ta, ta ni kì í ṣe ara wa
bó tilẹ̀ ń jẹ́ orúkọ wa.
Ibà àti ibà pọ́njú, ẹ̀fọn ló gbé àwọn méjèèjì wálé,
ṣùgbọ́n baba ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló bí wọn.
Bí a bá ti ilẹ̀kùn ibí yìí pa,
tí aláìsàn kankan ò wọlé títí ọdún fi yí po,
bí wọ́n ṣe jẹ́ síra wọn nìyẹn."

Mo ní, ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́?

Ó wo bàtà rẹ̀.
"Ẹ̀jẹ̀ tó ru lọ́sàn-án ọjọ́ kan,
àti àìsàn tó ń jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru,
ahọ́n wa ló sọ wọ́n lórúkọ kan náà, Mà.
Fọ́ọ̀mù ló ni ti àkọ́kọ́.
Èkejì ń bá ènìyàn sùn, ó ń bá a jí."

Ọdún mọ́kànlá láìjẹ iyọ̀.
Oògùn òwúrọ̀, oògùn alẹ́,
òòyì tó gbé e ṣubú lójúde ìyàwó ọmọ rẹ̀.
Bóyá ó ní àìsàn náà lóòótọ́. Bóyá kò ní.
Èmi kọ́ ni mo lè sọ;
èmi ni mo sì sọ ọ́.

Lónìí, mo ń kó káàdì àtijọ́ sínú ẹ̀rọ,
tirẹ̀ ló kàn, eruku àti ìdọ̀tí ìka mi lára rẹ̀.
Ọgọ́jọ. Ọgọ́rùn-ún.
*Jíjókòó àbí dídúró?* Mo fi í sílẹ̀ lófìfo.
Gòróyè ní òfìfo kì í ṣe "rárá":
a ò bèèrè ni.
*Orúkọ àìsàn?* Orúkọ tò lọ rẹrẹẹrẹ lójú mi,
ìyá, ọmọ, ọmọ ọmọ.
Mi ò tẹ ìkankan.

Nísàlẹ̀ pátápátá, àyè kékeré kan wà
fún ọ̀rọ̀ tí kò ní ilé.
Mo tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, pẹ̀lú ìka kan:
*Òjò ló lé e wá. Ó sáré.*